Ọba Kò Wàjà, Ìránṣẹ́ Ló Dákẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò fún yín lónìí. Ẹjọ́ náà kò dé kóòtù, kò sì sí agbẹjọ́rò nínú rẹ̀. Inú ilé mi ni ó ti ṣẹlẹ̀, láàárín èmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Èmi ni mo jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, èmi náà sì ni ẹ̀bi já lé lórí nígbẹ̀yìn.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí à ń gbé lé itan. Ti orí tábìlì ni, èyí tí àpótí rẹ̀ máa ń dá dúró, tí ojú rẹ̀ náà sì dá wà. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni mo ti gbé e wálé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, owó oṣù 11 ni wọ́n jẹ àwa òṣìṣẹ́. Wọn kò rí owó san, wọ́n ní kí kálukú máa mú ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ lọ ná. Ẹlòmíràn gbé àga, ẹlòmíràn gbé fáànù. Èmi gbé kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ ìròyìn.

Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni mo kọ orúkọ gbogbo wa sí, àti iye tí wọ́n jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan, oṣù dé oṣù, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà tí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ fi jẹ́wọ́ gbèsè náà. Ẹ̀dà tí a tẹ̀ sórí pépà ti bá omi òjò lọ lọ́dún tí òrùlé wa jò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti di olóògbé láti ìgbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, agbẹjọ́rò fẹ́ rí ìwé gbèsè yẹn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló wà ńbẹ̀.” Mo dá a lóhùn pé, “Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iná ìjọba dé. Mo jókòó, mo tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà kò dún, fáànù inú rẹ̀ kò yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ kò tàn. Mo tún un tẹ̀. Mo dì í mọ́lẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ń jí olóorun. Kò fọhùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, Dádì ló sì ń pè mí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà náà níbi tó ti ń ṣe géèmù. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní. Mo pè é jáde níbi tó ti ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́.

“Kí lo ṣe sí kọ̀ǹpútà yìí?”

“Dádì, mi ò ṣe nǹkan kan sí i o.”

“Ta ló wá bà á jẹ́? Ṣé èmi ni?”

“Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, sà. Ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó tàn.”

Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo pè é ní òpùrọ́. Mo ní kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá náà mọ́. Omi lé ròrò sí i lójú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì gba ilé ẹ̀kọ́ lọ láì fi ẹnu kan oúnjẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wo ohun tí ọmọ náà sọ. Gbogbo ojútùú ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú gbólóhùn rẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Ó ní nǹkan náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó sì sọ ibi tí ó ti ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò níbi iṣẹ́ ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kíá ni n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló sọ ọ́, ọmọdé tí mo sì ti dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo ránṣẹ́ pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dé, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mi orí. “Ọ̀gá, mọ́dábọ́ọ̀dù ti jóná. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ló pa á.” Ó ní kí n mú 60,000 náírà wá kí òun fi wá òmíràn, pé bí òun kò bá sì rí èyí tó bá a mu, kí n kúkú ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo béèrè pé àwọn fáìlì inú rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, “Ìyẹn le díẹ̀ o, ọ̀gá.”

Mo gbà á gbọ́. Kò fi ẹ̀rí kankan hàn mí, kò tilẹ̀ tú àpótí náà wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wí bá ohun tó ti wà lọ́kàn mi mu, pé ohun ńlá ló bàjẹ́, pé ẹnì kan ló sì bà á jẹ́. Ẹni tó bá ti pinnu ohun tó fẹ́ gbọ́, kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un.

Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń ro ohun tí n ó sọ fún ìyàwó olóògbé. Níbi tí mo ti ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún ni mo rántí olóòtú kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí jáde. Bí o bá gbé ìròyìn lọ bá a, ìbéèrè méjì ló máa ń béèrè: “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló rí i?” Bí o bá ní ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, yóò da ìwé náà padà sí ọ lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ ṣáájú olóòtú èyíkéyìí: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo wá bi ara mi léèrè: ta ló rí i pé mọ́dábọ́ọ̀dù jóná? Kò sẹ́ni tó rí i. Ta ló rí i pé ọmọ ló ba nǹkan jẹ́? Kò sẹ́ni tó rí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ìwé àti báírò, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ibi tí iná ti ń wọlé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń tẹ̀lé e bọ̀ wá sínú. Mo ki iná àtùpà kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ó tàn. Mo wo stàbíláísà, kò sí aburú níbẹ̀. Mo yọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí ojú kọ̀ǹpútà, mo fi rọ́pò ti àpótí, nítorí irú kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, kò jí. Mo wo ẹ̀yìn àpótí níbi tí power pack wà. Súwíìṣì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní títàn. Bọ́tìnnì pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ń yan 115 tàbí 230, wà lórí 230 bó ti yẹ. Ẹ má fi ọwọ́ yẹ̀yẹ́ mú bọ́tìnnì pupa yẹn o, nítorí pé bí ó bá wà lórí 115, tí a sì gbé iná ilẹ̀ wa wọ̀ ọ́, power pack lè bú gbàmù lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo yọ wáyà kúrò lára ògiri, mo fọwọ́ kan irin àpótí náà kí iná kékeré tó máa ń fara pamọ́ sí ara ènìyàn má baà ṣe nǹkan inú rẹ̀ léṣe, mo sì tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ọdún púpọ̀ ló kí mi. Mo rọra gbá a kúrò. Nígbà tí mo dá wáyà padà sára ògiri, mo rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí: iná kékeré kan, aláwọ̀ ewé, tó ń tàn wínrín lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹni tí wọ́n ní ó ti jóná ni ó ń ṣẹ́jú sí mi yìí!

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí iná yẹn ń sọ. Láyé àtijọ́, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà dà bíi súwíìṣì ara ògiri. Inú rẹ̀ gan-an ni iná ń gbà kọjá. Ní ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Intel gbé ìlànà tuntun kan jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní ATX, ó sì yí ètò náà padà. Nínú ìlànà yìí, apá kan power pack kì í sùn níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára ògiri. Fólítì 5 péré ló ń fún mọ́dábọ́ọ̀dù kí ó lè máa ṣọ́nà. Bọ́tìnnì iwájú àpótí kò gbé iná ńlá mọ́. Wáyà tín-ín-rín méjì ló so ó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, irin kékeré méjì á fara kanra fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù á gbọ́ pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, òun ni yóò wá ti ojú wáyà aláwọ̀ ewé kan ránṣẹ́ sí power pack pé ilẹ̀ ti mọ́.

Nítorí náà, bọ́tìnnì kì í ṣe ọba, ìránṣẹ́ ni. Kò ní agbára kankan ju pé kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an lọ. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, ààfin á pa lọ́lọ́, ará ìta á sì máa sunkún pé ọba ti wàjà.

Mo wá ìránṣẹ́ náà lọ. Ní igun ìsàlẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, mo rí àwọn irin ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìlà méjì, tí wáyà wínníwínní dé lórí. Wọ́n kọ orúkọ sí ara ìdérí kọ̀ọ̀kan: POWER SW, RESET SW, POWER LED, HDD LED. Mo rọra fa POWER SW yọ. Irin ṣóńṣó méjì wà ní ìhòòhò. Iná tó wà níbẹ̀ kéré, kò lè gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan irin tí kì í ṣe méjì yẹn lè ba mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́, nítorí náà mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú súkúrúdíráfà ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ, mo fi ẹnu rẹ̀ kan irin méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e kúrò.

Fáànù yí. Kọ̀ǹpútà dún píìn lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú súkúrúdíráfà lọ́wọ́, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan kò tó. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo mú wáyà RESET SW, mo fi sórí irin ti POWER SW, mo wá tẹ bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì. Ó tàn. Mo mú wáyà POWER SW tí à ń fura sí, mo fi sórí irin ti RESET, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kọ̀ǹpútà kò mira. Wáyà súwíìṣì kò ní iwájú tàbí ẹ̀yìn, bí a bá ti kì í bọ̀ ọ́ ló máa ṣiṣẹ́. Ti LED nìkan ló ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹlẹ́rìí ti di méjì, ọ̀rọ̀ wọn sì dọ́gba: súwíìṣì ló kú, kò sí ohun mìíràn tó ṣe kọ̀ǹpútà.

Bí kò bá jí nígbà tí mo fi súkúrúdíráfà kàn án ńkọ́? Ọ̀nà ṣì wà. À bá yọ wáyà iná, kí a tú ìdè ńlá power pack kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, kí a fi irin tí a fi ń di pépà so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ọ̀kan nínú àwọn dúdú, kí a wá dá iná padà. Bí fáànù power pack bá yí, ojú á kúrò lára rẹ̀, á bọ́ sára mọ́dábọ́ọ̀dù. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú inú power pack fúnra rẹ̀ o, nítorí iná ńlá máa ń dúró sínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń tàn, tó sì ń kú lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 4, ó ṣeé ṣe kí bọ́tìnnì ti há sínú, nítorí dídì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi ń fi tipá pa kọ̀ǹpútà. Ohun kan tún wà tí n bá mọ̀, tí ọkàn mi kò bá balẹ̀: inú díìsìkì ni fáìlì wà, kì í ṣe inú mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù tilẹ̀ jóná lóòótọ́, a lè yọ díìsìkì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn.

Mo yọ ojú iwájú àpótí kí n lè rí òkú súwíìṣì náà. Orí rẹ̀ ti wọ inú, kò lè ta padà mọ́. Nígbà tí mo yí bọ́tìnnì tó bò ó síbi ìmọ́lẹ̀, mo rí àmì yíǹkì búlúù kéékèèké tó kún ojú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Báírò búlúù ló wà ńbẹ̀. Èmi ni mo máa ń fi ẹnu báírò ki bọ́tìnnì náà láràárọ̀, nítorí pé n kì í fẹ́ gbé báírò sílẹ̀. Bí ó ṣe ń le sí i ni mo ń fi agbára kún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà, mo sì ti fi kọ olóòtú ọ̀rọ̀ rí.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti bọ́tìnnì. Nígbà tí mo ń kọ ìròyìn, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá púpọ̀. Wọn a to àwọn ènìyàn sílẹ̀ níwájú wa, wọn a ní wọ́n jalè, àwa a ya fọ́tò wọn. Abala 36 òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Ní ọdún 2021, Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ṣòfin pé kí ọlọ́pàá má ṣe to afurasí síwájú oníròyìn mọ́. Ṣùgbọ́n kí òfin Èkó yẹn tó dé, èmi náà ti kọ “ọwọ́ tẹ ọ̀daràn” nípa ẹni tí n kò bi ní ìbéèrè kan rí. N kò mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn já sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mo to ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n, mo sì dájọ́ rẹ̀ kó tó wọ bàtà.

Mo da fáìlì náà sórí fílàṣì méjì, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ara mi lórí íméèlì, mo sì tẹ ẹ̀dà mẹ́ta sórí pépà. Ní ọjọ́rú, mo gbé ọ̀kan lọ fún ìyàwó olóògbé. Ó ka iye tó wà níwájú orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ká ìwé náà wẹ́rẹ́, ó fi sínú báàgì, ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Wọn ò lè sọ pé a ń parọ́ mọ́.” Wọn kò tíì san owó náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwé ti wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Kí n tó gbé ìwé lọ, mo ti ṣe iṣẹ́ tó le jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe ọmọ náà wọ inú yàrá tí mo ti lé e kúrò. Mo fi bọ́tìnnì náà hàn án, pẹ̀lú yíǹkì ara rẹ̀. Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, o kò parọ́. Má bínú.” Kò rọrùn fún àgbàlagbà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pa mí.

Ó dojú bolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wo wáyà tí mo so mọ́ rísẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Dádì, ṣé kí n tàn án wò?”

Mo ní kí ó tàn án. Orí ìka kan ni ó fi kàn án, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì tàn. Súwíìṣì tuntun kò wọ́n, ṣùgbọ́n n kò tíì rà á. Bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì la ṣì ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ náà ló sì máa ń tàn án fún mi.